Òórùn Aṣọ Sàkáríyà

Kí á tó fi ẹnu kan ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Ìbídùnní àti Sàkáríyà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ kó ti Àwẹ̀ró kúrò nílẹ̀. Àwẹ̀ró ni àbúrò bàbá ìyàwó. Òun ni alárinà. Òun náà sì ni ó gbin igbó sí ẹ̀yìnkùlé. Igbó tí àwọn ènìyàn ń dì sínú pépà, tí wọ́n ń fà, ni à ń wí o. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín sáàárín ilá àti tẹ̀tẹ̀, ó ń da omi ìfọṣọ sí i nídìí, bí àlejò bá sì dé, á fà á lọ síbẹ̀ kí ó lè wo bí ohun ọ̀gbìn òun ṣe ń dán.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́dún 1985, iṣẹ́ ìkọ́lé ló gba gbogbo Wuse kan ní Abuja. Àwọn kápẹ́ńtà àti bíríkìlà tí wọ́n wá láti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbé nínú ilé onípáànù, aṣọ wọn ni Àwẹ̀ró sì ń fọ̀ jẹun. Obìnrin tó sanra dáadáa ni. Bí ó bá jókòó sórí àpótí ìfọṣọ, àpótí á ké, òun náà á sì dá a lóhùn pé, "Mú un mọ́ra. Ọkọ mi olóògbé pàápàá mú un mọ́ra."

Alágbàfọ̀ kì í ki aṣọ bọ omi láìtú àpò rẹ̀ wò. Àwẹ̀ró ti bá ìṣó pàdé nínú àpò rí, ó ti bá gúgúrú pàdé, ó ti bá eyín àtọwọ́dá pàdé, tó pariwo títí ará ilé fi sá jáde. Nínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ Sàkáríyà, kóró kéékèèké ló bá, roboto, aláwọ̀ eérú. Ó yí wọn láàárín ìka, ó ní èso ẹ̀fọ́ kan ni yóò jẹ́. Bó ṣe lọ rì wọ́n mọ́lẹ̀ nìyẹn. Òjò rọ̀, nǹkan hù. Ó ga ju ilá lọ, ewé rẹ̀ sì là bí ọwọ́ ọmọdé. Ewúrẹ́ Sàlímọ́tù, aládùúgbò rẹ̀, wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó jẹ ẹ̀ka kan, ó dùbúlẹ̀ sínú oòrùn, ó ń ké sí ògiri. Sàlímọ́tù ní wọ́n ti sa oògùn sí ewúrẹ́ òun. Àwẹ̀ró ní, "Ẹ̀fọ́ mi ló dùn mọ́ ọn. Kò jẹ irú ẹ̀ rí ni."

Sàkáríyà tí à ń sọ yìí, kápẹ́ńtà orí òrùlé ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó ga, ó mọ̀ ọ́n kí. Ìbídùnní ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí ó bá sì ti ilé ìwé dé, òun ló ń bá a lọ aṣọ. Kò pẹ́ tí Àwẹ̀ró fi rí i pé àwọn aṣọ tí Sàkáríyà ń gbé wá kò dọ̀tí mọ́.

"Sàkáríyà, ẹ̀wù yìí mọ́ ju èyí tó wà lọ́rùn mi lọ."

"Ó fara kan erùpẹ̀ ní ibì kan, Màmá."

"Ibo?"

Sàkáríyà yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, kò rí ibì kankan. Ìbídùnní tí ó dúró ti tábìlì ìlọṣọ dojú bolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

"Bọ̀ọ̀dá Sàkáríyà," ó ní, "bí ẹ bá fẹ́ wá kí wa, ẹ máa wá. Ẹ má fi aṣọ tó mọ́ ni wá lára."

Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wá lọ́wọ́ òfo. Wọn a dúró ti okùn ìsáṣọ, wọn a máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Àwẹ̀ró a máa fọ aṣọ láìpariwo kí ó lè gbọ́. Ó ti fi ojú inú rí ara rẹ̀ lórí àga alárinà, tí wọ́n ń fún un ní orí ẹran. Ọmọ náà ti tó í lọ sílé ọkọ, ọkọ sì nìyí tí ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀.

Àfi òórùn kan. Nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, lábẹ́ òógùn àti ìyẹ̀fun pákó, òórùn kan wà tó nípọn, tó sì ń di imú mú. Àwẹ̀ró bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan.

"Ewé tí a ń sun lé ẹ̀fọn ni, Màmá," Sàkáríyà wí, ó ń họ orí.

"Ẹ̀fọn wà lóòótọ́," ni Àwẹ̀ró sọ, ó sì ki aṣọ bọ omi.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ gbó, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Bwari lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Babalọlá, bàbá Ìbídùnní, ti ṣe wọ́dà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ra ilẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè níbẹ̀, ó ń gbin iṣu. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń rìn bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà nídìí rẹ̀, bí ó bá sì ti wọ inú yàrá tán, á padà lọ fa ilẹ̀kùn wò.

"Kápẹ́ńtà?" ó ní. "Ọmọ tí mo rán lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́?"

"Bọ̀ọ̀dá, kápẹ́ńtà ló kan ilẹ̀kùn tí ẹ fi ń ti àwọn olùkọ́ mọ́lé."

Babalọlá kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó ń fa nǹkan?"

"Nǹkan bí i kí ni?"

"Àwẹ̀ró, mo bá àwọn ọmọkùnrin sùn lábẹ́ òrùlé kan náà tí wọ́n fà á títí wọ́n fi ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ìbéèrè mi yé ọ."

Nílé wọn, bí alárinà bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa dúró bí ẹlẹ́rìí. Bí ó bá ní ilé ọkọ mọ́, ó mọ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í tún rán ẹlòmíràn lọ wádìí. Àwẹ̀ró mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Òórùn yẹn wá sí i nímú bí ó ṣe jókòó níbẹ̀. Ó fọn imú rẹ̀ sí etí ìró.

"Kò fa nǹkan kan," ó wí. "Bí ẹ bá bá igbó nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni kí ẹ mú."

Babalọlá ní ó dára. Òun yóò wá sí Wuse wá wo ọmọ náà.

Ọjọ́ Sátidé kan ló dé. Sàkáríyà kò tíì wá. Àwẹ̀ró fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lómi, ó kí i tilé-toko, ó wá rántí ohun ìyangàn rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá wo ẹ̀fọ́ tuntun mi."

Babalọlá tẹ̀ lé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró. Ó já ewé kan, ó fi àtàǹpàkò rà á, ó gbé e sí imú, ó sì yí ojú padà sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá.

"Ta ló gbin èyí?"

"Èmi ni! Ó dára, àbí? N kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sè é ni."

"Jókòó, Àwẹ̀ró."

"Ilẹ̀ tutù, Bọ̀ọ̀dá."

"Jókòó sórí ilẹ̀ tútù."

Ó jókòó. Babalọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń ka òfin fún ẹlẹ́wọ̀n tuntun. "Igbó nìyí. Àwọn ológun tó ń ṣèjọba yìí kò fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹni tó gbìn ín, ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ gùn ju ti ẹni tó fà á lọ. Ó dúró sí ẹ̀yìn ilé rẹ báyìí, ó ga ju ọ́ lọ."

Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rín náà di ikọ́. "Màá sọ fún wọn pé n kò mọ̀."

"Gbogbo àwọn tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ni kò mọ̀. Níbo lo ti rí kóró rẹ̀?"

Àwẹ̀ró wo ilá. Ó wo tẹ̀tẹ̀. "Nínú àpò."

"Àpò ta ni?"

Ìbídùnní ti jáde síta, áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ sórí òkúta. "Àǹtí mi, àpò ta ni?"

Bí Àwẹ̀ró ṣe gbé ojú sá fún un ti dá a lóhùn. Wọ́n hú gbogbo rẹ̀. Babalọlá ní wọn kò gbọdọ̀ sun ún, nítorí gbogbo Wuse ni yóò gbọ́ òórùn. Ṣalángá ni kí wọ́n dà á sí. Àwẹ̀ró ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́ sínú agbada ìfọṣọ ńlá, ó da omi ọṣẹ lé e, ó fi aṣọ bò ó. Wọ́n fẹ́ gbé e nìyẹn tí Sàkáríyà fi wọlé pẹ̀lú fìlà tuntun àti obì nínú ewé. Kò sì tíì dọ̀bálẹ̀ tán tí ohùn mìíràn fi bú jáde lẹ́yìn rẹ̀.

"Sànnu, Mama! Yúnífọ́ọ̀mù mi ńkọ́?"

Kọ́nsítébù Sànúsí ni, ọmọ Ìlọrin, tí Àwẹ̀ró ń bá fọ aṣọ. Ó ń bọ̀ tààrà síbi agbada. "Kai, Mama, ẹ ò tíì fọ̀ ọ́! Òun kọ́ ló wà nínú omi yìí?" Ó ti ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti ṣe ohun tí wọ́n ṣì fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́ di òní. Ó jókòó sínú agbada náà. Ìdí rẹ̀ kún un fọ́fọ́, omi ọṣẹ dà sílẹ̀ yíká.

"Sànúsí, yíjú sẹ́yìn! Jẹ̀díjẹ̀dí ló ń yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ní kí n máa jókòó sómi ọṣẹ."

Kọ́nsítébù fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò. "Ẹ jọ̀ọ́, Mama. Yauwa. Màá padà wá lọ́la."

"Bá mi kí ìyàwó rẹ!"

Nígbà tí ó lọ tán, wọ́n fa Àwẹ̀ró jáde, ewé lẹ̀ mọ́ ọn níbi tí a kò lè dárúkọ. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín àfi òun nìkan. Sàkáríyà ti rí ewé náà. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú omi ọṣẹ pẹ̀lú fìlà tuntun rẹ̀.

"Bàbá, tèmi ni. Bí ọlọ́pàá yẹn bá fọwọ́ kàn án, èmi ni màá sọ pé mo gbìn ín."

"Irọ́ nìyẹn náà," Babalọlá wí. "Dìde."

Ìbídùnní ni ó bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà. "Kí ló dé tí o fi ń fà á?" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè é ní "ẹ".

"Ẹ̀rù òkè ń bà mí," Sàkáríyà sọ. "Láti ọjọ́ tí mo dé Abuja. Múrítàlá tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n fa díẹ̀ kí n tó gun òkè. Ẹ̀rù náà lọ."

"Ó lọ?"

"Ó lọ. Nígbà tó yá, mo ń tẹ pákó tí a kò tíì kàn. N kò rí i pé a kò tíì kàn án. Ìgbànú mi ni Múrítàlá fi fà mí padà." Ó nu ojú. "Mo ń gbàgbé nǹkan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ikọ́. Nígbà mìíràn mo jókòó jẹ́jẹ́, àyà mi á máa lù bí ẹni tí wọ́n ń lé."

Babalọlá ní kò sí ìgbéyàwó. Ó ní kí Ìbídùnní di ẹrù rẹ̀, kí ó bá òun lọ sí Bwari. Ìbídùnní ní òun ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ọjọ́ Ajé.

"Bàbá, n kò sọ pé mo fẹ́ ẹ, n kò sọ pé n kò fẹ́ ẹ. Kí ó máa gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá ní gbogbo Sátidé, láìfọ̀. Àǹtí mi á máa gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọjọ́ tí òórùn yẹn bá tán nínú rẹ̀, tó sì tán pẹ́, màá wá bá yín."

"Imú tó rò pé igbó ni ẹ̀fọ́?"

"Imú yẹn ti mọ̀ ọ́n báyìí."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sàkáríyà kò lè gun òkè mọ́. Láìsí èéfín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá rẹ̀ bú u, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Oorun kò kùn ún, oúnjẹ ń kọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó ń bínú sí òòlù, ó ń bínú sí ìṣó. Bí ó bá dé lọ́jọ́ Sátidé, ojú rẹ̀ á ti jìn. Àwẹ̀ró á gba ẹ̀wù, á fi bo ojú pátápátá, á mí kanlẹ̀. Sàlímọ́tù wò ó títí, ó ní, "Àwẹ̀ró, bí o bá fẹ́ ọkùnrin náà, fi ọmọ sílẹ̀, kí o fẹ́ ẹ."

"Mo dàgbà jù fún un. Òórùn aṣọ rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́."

Lẹ́yìn náà ni Sàkáríyà àti Ìbídùnní á dúró ti okùn aṣọ, ṣùgbọ́n àárín wọn kò rí bíi tàtijọ́.

"Ṣé ó sàn?" Ìbídùnní á bi í.

"Ó sàn lónìí."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"N kò tíì dé ibẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Ìbídùnní fẹ́ràn ju gbogbo ìbúra tó ti gbọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ fún un. Tó bá di òru, á máa bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìfẹ́ ni, tàbí àánú, tàbí ojúkòkòrò olùkọ́ tó fẹ́ kí ọmọ tó ń fìdí rẹmi yege.

Nínú ọdún kejì ni àwọn ṣọ́jà wọ ibi iṣẹ́. Múrítàlá ni wọ́n bá igbó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí orí rẹ̀ kò pé mọ́. Ó ń gbọ́ ohùn àwọn tí kò sí níbẹ̀, ó ń dá wọn lóhùn láti orí òrùlé. Níwájú àwọn tó dá ẹjọ́ rẹ̀ pàápàá, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún gbọọrọ. Ìyá rẹ̀ wá láti Ìwó, ó sun ẹkún lọ, ó sun ẹkún bọ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, Àwẹ̀ró gba ẹ̀wù Sàkáríyà, ó fi bo ojú. Òórùn náà wà níbẹ̀.

Sàkáríyà ń wo ilẹ̀. Ìbídùnní wà nínú ilé. Omi wà nínú agbada, ọṣẹ ti hó. Kí Àwẹ̀ró sáà ju ẹ̀wù náà sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ọmọ náà ti gbìyànjú, ọjọ́ orí Ìbídùnní ń lọ, gbogbo ìlú sì ti ń bèèrè ìgbà tí ìdána máa wáyé. Ẹ̀wù náà wà lókè omi pẹ́ títí ọwọ́ Àwẹ̀ró fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

"Ìbídùnní!" ó pè. "Wá síta."

Sàkáríyà kò jiyàn. "Ọjọ́ tí wọ́n mú Múrítàlá, mo lọ síbi tó ń tọ́jú tirẹ̀ sí, kí n lọ dà á nù. N kò da gbogbo rẹ̀ nù."

Ìbídùnní gba ẹ̀wù náà, ó gbé e sí imú tirẹ̀ náà. Omi lé ròrò sí i lójú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí padà, "ẹ" sì tún ti padà sí ẹnu rẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"O ò lé mi?"

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ní."

Ó sì bẹ̀rẹ̀. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, òjò tún padà. Sàkáríyà kan tábìlì fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Ìbídùnní, ó kan àpótí ìfọṣọ tuntun fún Àwẹ̀ró, èyí tí kì í ké. Ó ń lọ sí Bwari láti bá Babalọlá kan ilẹ̀kùn abà. Bàbá náà á jókòó tì í, á máa wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ kan ó fa ilẹ̀kùn náà wò, ó tún fà á, ó ní, "Ó le." Sàkáríyà gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn bọ̀ wá fún Ìbídùnní bí ẹni gbé ẹ̀bùn.

Lọ́dún 1988 ni wọ́n ṣe ìdána ní Bwari. Nígbà tí wọ́n kó obì àti oyin kalẹ̀ tán, Babalọlá ní kí alárinà dìde. Gbogbo àgbàlá yí ojú sí i. Wọ́n ti gbọ́ ìtàn agbada.

Àwẹ̀ró dìde, ó tún ìró ró. "Nígbà àkọ́kọ́, mo jẹ́rìí ohun tí n kò rí," ó wí. "Lónìí, n kò ní jẹ́rìí ju ohun tí imú mi mọ̀ lọ. Mo ti fọ aṣọ ọmọ yìí títí. Mo mọ ọjọ́ tó jẹ ẹ̀wà. Mo mọ ọjọ́ tí inú ń run ún, ẹ má bèèrè bí mo ṣe mọ̀ ọ́n." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ tó ṣubú, mo mọ̀, mo sì sọ. Láti ìgbà náà, òógùn ni mo ń gbọ́, àti pákó, àti lẹ́ẹ̀ kápẹ́ńtà. N kò mọ ọ̀la rẹ̀. Imú mi kì í gbọ́ òórùn ọ̀la."

Babalọlá wo ọmọ rẹ̀. Ìbídùnní mi orí. Babalọlá mú obì, ó pa á, ó na apá kan sí Sàkáríyà, inú àgbàlá sì hó yèè.

Nígbà tí àwọn àna ń jẹun, Babalọlá bá Àwẹ̀ró ní ẹ̀yìn ilé, níbi tó ti ń ya orí ẹran tirẹ̀ jẹ, ọ̀rá kún un létè. Ó jókòó tì í. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, èyí tó ṣọ̀wọ́n, ó ní òun kò mọ̀ pé imú àbúrò òun mú tó bẹ́ẹ̀.

"Imú mi?" Àwẹ̀ró wí, ẹnu rẹ̀ kún. "Bọ̀ọ̀dá, kí aṣọ wà lókè odò, kí n wà nísàlẹ̀, màá gbọ́ ọ."

Babalọlá mi orí díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Ọjọ́ tí o wá bá mi níhìn-ín ńkọ́, Àwẹ̀ró, tí o ní kò fa nǹkan kan, tí o fọn imú sí etí ìró? Kí ni imú yẹn ti gbọ́ lọ́jọ́ náà?"